Ìdí tí òjò Accra kò fi lè sọ ìgbà tí ẹja adágún Volta yóò pọ̀ ní ọjà Makola

Ní oṣù Kẹfà ọdún, òjò máa ń rọ̀ ní Accra, olú ìlú Ghana, débi pé àgbàrá á gba ọ̀nà mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ àti ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́. Ní Makola, ọjà ńlá tó wà láàárín gbùngbùn ìlú náà, àwọn tó ń ta ẹja yíyan á fi ọ̀rá bo àtẹ wọn, wọn á sì máa wo sánmà. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rò pé nígbà tí omi ti pọ̀ tó báyìí, odò ti kún nìyẹn. Àmọ́ àkókò yìí gan-an ni adágún Volta, níbi tí púpọ̀ nínú ẹja odò tó ń dé Makola ti ń wá, máa ń fà jù lọ láàárín ọdún.

Nígbà tó bá wá di oṣù Kọkànlá, tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Accra, tí ọyẹ́ sì ń múra àtidé, ìgbà náà ni adágún ọ̀hún máa ń kún dẹ́nu.

Kíkún àti fífà yìí ló ń sọ ibi tí apẹja yóò ti rí ẹja, irú àwọ̀n tí yóò lò, ewu tí yóò dojú kọ, àti iye tí ẹni tó fẹ́ fi epiyá jẹ banku yóò san. Ó tún kan ẹ̀mí àwọn ọmọdé kan tí kò yẹ kí wọ́n wà lórí omi rárá.

Omi tó ń ti òkèèrè wá

Adágún Volta kì í ṣe adágún àdáyébá. Ìjọba Ààrẹ Kwame Nkrumah ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí dáàmù Akosombo lọ́dún 1961, kí Ghana lè ní iná mọ̀nàmọ́ná fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá àti fún ará ìlú. Iṣẹ́ náà parí lọ́dún 1965. Wọ́n ṣí i ní oṣù Kìíní ọdún 1966, oṣù kan péré kí àwọn ológun tó gba ìjọba lọ́wọ́ Nkrumah. Odò tí wọ́n dí lọ́nà tẹ́ rẹrẹ sẹ́yìn títí tó fi bo ilẹ̀ tó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 8,502. Tó bá jẹ́ bí ojú omi ṣe fẹ̀ tó la fi wọ̀n ọ́n, kò sí adágún àtọwọ́dá kankan lágbàáyé tó tóbi tó o. Nǹkan bí 80,000 èèyàn ló kó kúrò ní abúlé tó lé ní 700 nítorí rẹ̀, wọ́n sì tẹ ìlú tuntun 52 dó fún wọn.

Omi tó kún inú adágún yìí, ọ̀nà jíjìn ló ti wá. Volta Dúdú àti Volta Funfun ń ti Burkina Faso sọ̀kalẹ̀. Odò Oti ní tirẹ̀ ṣẹ̀ láti òkè Atakora ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Pendjari, kó tó gba Togo wọ Ghana. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni omi wọn ń ṣàn wá síbẹ̀: Burkina Faso, Ghana, Togo, Benin, Mali àti Côte d'Ivoire. Gbogbo ilẹ̀ náà fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 400,000.

Ní ọ̀pọ̀ ibi lára ilẹ̀ àríwá yìí, àsìkò òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́dún, yàtọ̀ sí Accra àti ilẹ̀ Yorùbá tí òjò ti ń pín sí àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò. Oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án ni òjò ibẹ̀ máa ń le jù. Omi náà yóò tún rin ìrìn-àjò gígùn kó tó dé, nítorí adágún nìkan gùn tó nǹkan bí kìlómítà 400 láti àríwá rẹ̀ dé ẹnu dáàmù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ ni adágún ń bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tó ń kún jù ní oṣù Kẹwàá sí oṣù Kọkànlá, tó sì ń fà díẹ̀díẹ̀ títí di oṣù Kẹfà tàbí oṣù Keje ọdún tó tẹ̀lé e.

Àárín kíkún àti fífà rẹ̀ lè ju mítà mẹ́ta lọ nínú ọdún kan. Mítà mẹ́ta lè dà bí ohun kékeré létí ẹni tó jókòó sílé. Ṣùgbọ́n níbi tí etí omi bá ti tẹ́jú, omi á sún sẹ́yìn jìnnà réré, àwọn àgbẹ̀ á sì gbin àgbàdo, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ tí ẹja ń jẹ̀ lórí rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn.

Àwọn tó ń gbé nítòsí adágún Kainji ní Nàìjíríà kò ní ka irú èyí sí àjèjì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni omi Odò Ọya ń dé bá wọn lọ́dún. Omi funfun, tí òjò ìtòsí bí, ló ń kọ́kọ́ dé. Omi dúdú, tó ti òkè Guinea rìn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ń dé nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, tí ẹnikẹ́ni kò rí òjò kan lójú ọ̀run.

Iṣẹ́ amọ̀nà

Ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ nípa àsìkò adágún jẹ́ ọjà títà. Àwọn tó fẹ́ fi ìwọ̀ mú bass, ẹja ẹlẹ́nu gbàgàdà kan tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀, máa ń sanwó fún amọ̀nà tó ní ọkọ̀ ojú omi, kó lè gbé wọn dé ibi tí ẹja náà wà lọ́jọ́ náà. Amọ̀nà mọ̀ pé nígbà ìrúwé, bí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, bass yóò wá sí etí omi láti yé. Nígbà ooru, yóò wọ ibú lọ tàbí kó sá sábẹ́ ibòji. Nígbà ìwọ́wé, yóò máa lé ẹja wẹ́wẹ́ kiri. Nígbà òtútù, ara rẹ̀ á wúwo, kò sì ní fẹ́ lé ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà yìí ló tún máa ń dá ẹja padà sómi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya fọ́tò rẹ̀ tán, nítorí eré ni wọ́n fi ń ṣe.

Lórí adágún Volta, oúnjẹ ni ẹja pípa. Ẹja tí ìṣe rẹ̀ jọ ti bass jù níbẹ̀ ni èyí tí àwọn Hausa ń pè ní giwan ruwa, ìyẹn erin omi, irú èyí tí wọ́n ń pa níbi ọdún ẹja Argungu ní Nàìjíríà. Ó lè gùn tó mítà méjì, ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń jẹ. Àmọ́ epiyá ni gbogbo ayé ń wá, pẹ̀lú ọ̀bọ̀kún, àrọ̀, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí Ghana sọ lórúkọ "one man thousand", nítorí pé ẹnì kan lè jẹ ẹgbẹ̀rún rẹ̀ lójúkòó.

Kò sí ẹni tó ń sanwó fún amọ̀nà níbẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni amọ̀nà. Púpọ̀ nínú àwọn apẹja adágún jẹ́ Ewe, pàápàá àwọn tó ti Tongu wá, pẹ̀lú àwọn ará Ada àti Fante. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Tongu yẹ lẹ́ni tí à ń rò. Ìsàlẹ̀ odò, níwájú dáàmù, ni ilé wọn wà, níbi tí omi ti máa ń kún bo etídò lọ́dọọdún rí. Nígbà tí dáàmù dá ìkún omi náà dúró, ẹja àti ìṣáwùrú tí wọ́n fi ń jẹun dín kù gidigidi, ni ọ̀pọ̀ wọn bá kó lọ sórí adágún tó gba oúnjẹ wọn.

Láti ọyẹ́ dé ìkún omi

Fún ọ̀pọ̀ oṣù láàárín ọdún, omi adágún tó jinlẹ̀ máa ń wà ní ìpele ìpele. Èyí tó wà lókè gbóná, èyí tó wà nísàlẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ tí ẹja lè mí kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nísàlẹ̀ yẹn. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, atẹ́gùn gbígbẹ tó ti aṣálẹ̀ wá máa ń mú kí ojú omi tutù. Omi tó tutù wúwo, nítorí náà yóò rì, ti ìsàlẹ̀ yóò gòkè, gbogbo rẹ̀ yóò sì dà pọ̀. Oúnjẹ tó ti sùn sísàlẹ̀ á bá a gòkè, ẹja náà á sì lè sọ̀kalẹ̀ lọ síbi tí kò lè dé tẹ́lẹ̀. Apẹja tó bá ń na àwọ̀n rẹ̀ síbi tó ń nà án ní oṣù Kẹwàá yóò kàn máa fi omi ṣòfò ni.

Ọyẹ́ yìí náà ni ọ̀rẹ́ ẹni tó ń sá ẹja. Koobi, ìyẹn epiyá tí wọ́n là, tí wọ́n fi iyọ̀ sí, tí wọ́n sì sá sóòrùn, máa ń gbẹ dáadáa nínú atẹ́gùn ọyẹ́. Ọ̀tá ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló sì tún jẹ́, torí kùrukùru rẹ̀ lè bo etí omi mọ́ni lójú.

Láti oṣù Kẹta, ooru á mú, omi á máa fà, ìjì òjiji tó ń ṣáájú òjò á sì bẹ̀rẹ̀. Ìjì yìí ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń bẹ̀rù jù. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere, kí ìkùukùu dúdú ṣàdédé yọ, kí atẹ́gùn sì gbé omi dìde lójú adágún tó fẹ̀ bí òkun. Ọkọ̀ onígi tó kún fún èèyàn, ewúrẹ́ àti àpò iṣu kò lè pẹ́ dojú dé nínú irú ìgbì bẹ́ẹ̀.

Bí omi ṣe ń fà ni ẹja ń kó jọ. Omi tó kéré kò gba ẹja tó pọ̀ láti sá pamọ́, nítorí náà ìgbà yìí ni àwọ̀n ń kó ẹja ní ìrọ̀rùn. Ìyẹn ni pé adágún tó fà kì í ṣe adágún tí kò ní ẹja. Bákan náà ló ṣe jẹ́ pé nígbà tí omi bá dé ní oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, tó bo pápá tó ti hù sí etídò, ẹja á fọ́n ká. Á wọ inú koríko tuntun lọ láti jẹun àti láti yé, àwọ̀n á sì máa há sí koríko. Omi pọ̀ lójú, ẹja ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n nínú koríko tí omi bò yẹn ni ẹja ọjọ́ iwájú wà. Akọ epiyá á gbẹ́ ihò sílẹ̀, abo rẹ̀ á yé síbẹ̀, yóò sì kó ẹyin náà sẹ́nu, yóò máa gbé e kiri títí tí àwọn ọmọ á fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. Bí omi bá kún dáadáa tó sì pẹ́ nílẹ̀, àwọn ọmọ ẹja á rí ibi sá sí, wọ́n á sì dàgbà. Ìkún omi tí kò dára tó lọ́dún yìí, ọdún tó ń bọ̀ ni Makola yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀bọ̀kún ní ìṣòro tirẹ̀. Inú ihò ló fẹ́ràn láti yé sí. Àwọn apẹja mọ èyí, wọ́n sì ń gé ọparun, wọ́n á dí ẹnu kan rẹ̀, wọ́n á rì í sísàlẹ̀ omi. Ọ̀bọ̀kún á rò pé òun rí ilé. Nígbà tí wọ́n bá fa ọparun náà sókè, ẹja tó wà nínú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ èyí tó lóyún ẹyin. Ọgbọ́n gidi ni, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ẹyin ọdún tó ń bọ̀ ni wọ́n ń kó lọ sọ́jà yẹn.

Òṣùpá pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ sọ. Bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ rokoṣo, ẹja á máa rí àwọ̀n, á sì máa yà fún un, ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja kan fi máa ń fi irú òru bẹ́ẹ̀ tún àwọ̀n wọn ṣe.

Kùkùté abẹ́ omi

Nígbà tí omi kún ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ igi tó wà lórí ilẹ̀ náà ni wọn kò gé. Àwọn igi yìí kú lórí ìdúró. Igi líle tó wà lábẹ́ omi kì í tètè jẹrà, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀ títí dòní.

Bí adágún bá fà, orí wọn á yọ, ọlọ́kọ̀ á rí wọn, á sì yà fún wọn. Bí adágún bá kún, wọ́n á wà ní díẹ̀ nísàlẹ̀ ojú omi. Ọkọ̀ tó bá fi eré gbá irú kùkùté bẹ́ẹ̀ lè fọ́ tàbí kó dojú dé. Ní gbogbo àsìkò ọdún, àwọ̀n ń há sí wọn lára. Àwọ̀n sì wọ́n, gbèsè ló sì sábà wà lórí rẹ̀.

Ẹnì kan ní láti wọ inú omi lọ tú u. Ní ọ̀pọ̀ ibi lórí adágún yìí, ọmọdé ni ẹni yẹn. Láti ọdún 2002 ni àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìṣíkiri, IOM, ti ń bá Ghana ṣiṣẹ́ láti yọ àwọn ọmọ kúrò lóko ẹrú lórí adágún. Lọ́dún 2005, Ghana ṣe òfin tó fòfin de kíkó èèyàn ṣòwò. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò tíì parí. Àwọn òbí tí ọwọ́ wọn kò tó ẹnu máa ń fa ọmọ wọn fún ìbátan tàbí ojúlùmọ̀, pẹ̀lú ìlérí pé ọmọ á kọ́ṣẹ́ tàbí lọ sílé ìwé. Ohun tí ọmọ ń bá níbẹ̀ ni kí wọ́n jí i lóru láti gbọ́n omi inú ọkọ̀, kó sì wẹ̀ lọ sábẹ́ omi tí kò mọ́, tó ń fọwọ́ wá ibi tí àwọ̀n há sí. Àwọn kan kì í gòkè wá mọ́.

Kò sí àmì kankan lára ẹja yíyan lórí àtẹ Makola tó lè sọ fún oníbàárà bóyá ọmọdé ló tú àwọ̀n tó mú un. Ẹni tó ń tà á pàápàá kì í sábà mọ̀, nítorí ẹja ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹja tó wọlé sí Makola

Láti Yeji ní àríwá, láti Kpando Torkor, Dzemeni àti Abotoase ní apá ìlà oòrùn, àwọn obìnrin ló ń gba ẹja lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ létí omi. Púpọ̀ nínú wọn ti sanwó ẹja náà kí wọ́n tó pa á: wọ́n á yá apẹja lówó láti ra àwọ̀n tàbí epo ẹ́ńjìnnì, òun náà á sì máa fi ẹja san án. Èyí ń ran apẹja lọ́wọ́ nígbà tí ẹja bá ṣọ̀wọ́n. Ó tún túmọ̀ sí pé nígbà tí ẹja bá pọ̀, kì í lè tà á fún ẹlòmíràn tó fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan án. Ààrò tó gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí, Chorkor, orúkọ àdúgbò apẹja kan ní Accra ló ń jẹ́. Ibẹ̀ ni àjọ FAO àti ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí oúnjẹ ní Ghana ti ṣe é pẹ̀lú àwọn obìnrin ayanja lọ́dún 1969. Àwọn pátákó aláwọ̀n ni wọ́n ń tò léra lórí iná, igi tó ń jẹ kéré sí ti ààrò àtijọ́, ẹja tó sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan pọ̀. Láti Chorkor ni ààrò yìí ti tàn káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà.

Ọdún 1969 yìí kan náà jẹ́ ọdún mánigbàgbé fún ìdí méjì mìíràn. Adágún tuntun ṣì ń jẹ oúnjẹ tó wà lára ilẹ̀ àti ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rì, ẹja sì pọ̀ débi pé nǹkan bí tọ́ọ̀nù 60,000 ni wọ́n pa lọ́dún náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìjọba Kofi Busia, ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá, pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Ghana láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti ń tajà láti ọjọ́ pípẹ́ ní àwọn ọjà Ghana, tí àwọn kan lára wọn bí ọmọ síbẹ̀, fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀. Alata ni àwọn ará Accra ń pè wọ́n, orúkọ náà kò sì tíì parẹ́, torí alata samina ni ọṣẹ dúdú ń jẹ́ ní Ghana títí di òní.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó kan Makola fúnra rẹ̀. Ọjà Makola àkọ́kọ́, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1924, ni àwọn ológun wó palẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1979, nígbà ìjọba Jerry Rawlings. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan àwọn ìyálọ́jà ni pé wọ́n ń kó ọjà pamọ́, wọ́n sì ń gbówó lórí rẹ̀ ju iye tí ìjọba fọwọ́ sí lọ. Ọrọ̀ ajé Ghana ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà, kò sì ṣeé sọ pé kò sẹ́ni tó kó ọjà pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ẹja wà lórí àtẹ nígbà tí adágún kò mú un wá gbọ́dọ̀ ti kó o jọ nígbà tó pọ̀. Iye kan ṣoṣo láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá kò bá bí omi ṣe ń ṣe mu. Àwọn obìnrin náà tún padà, ọjà sì tún kún láwọn àdúgbò tó yí ibẹ̀ ká.

Kíkó ẹja pamọ́ gan-an kò rọrùn. Ní oṣù Kẹfà tí òjò Accra ń rọ̀, ẹja yíyan ń fa omi, ó ń hu funfun, kòkòrò sì ń jẹ ẹ́. Àwọn tó ń tà á á máa tún un yan. Bí wọ́n bá ṣe ń tún un yan ni ó ń fẹ́, owó igi sì ń gorí owó ẹja.

Ìgbà tí òkun bá tì

Ẹja òkun náà ní àsìkò tirẹ̀. Láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun gòkè létí Ghana, ẹja wẹ́wẹ́ olówó pọ́ọ́kú sì máa ń tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2019, nítorí pé ẹja òkun ń tán lọ, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ti òkun mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ onígi pẹ̀lú fún ìgbà díẹ̀ kí ẹja lè yé. Láti ọdún 2021 sí ọdún 2024, oṣù Keje ni wọ́n ń tì í fún àwọn ọlọ́kọ̀ onígi. Lọ́dún 2025, wọ́n yọ àwọn wọ̀nyí kúrò nínú òfin náà, wọ́n sì fi àwọn ọkọ̀ ńlá sílẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Tí òkun bá tì ní oṣù Keje, ojú gbogbo á yí sí adágún, lásìkò tó fà jù, tí ẹja kó jọ, tó sì ń dúró de ìkún omi láti lọ yé. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n dẹwọ́ ni àwọ̀n ń pọ̀ jù. Òfin Ghana dè àwọ̀n olójú kékeré, májèlé àti lílo iná láti fi tan ẹja, ṣùgbọ́n omi tó gùn tó kìlómítà 400 kò ṣeé ṣọ́ bí ojú ọ̀nà. Ẹja tó ń dé ọjà ń kéré sí i, epiyá tí kò tíì yé rí lẹ́ẹ̀kan sì wà lára èyí tí wọ́n ń so pọ̀ tà.

Epiyá tí wọ́n ń sìn nínú àgò lórí adágún, pàápàá ní apá gúúsù nítòsí Akosombo, ti dín ìṣòro yìí kù fún àwọn olówó Accra. Tútù ni wọ́n ń tà á, ó wà ní gbogbo oṣù, kò sì bìkítà bí omi ṣe ń kún. Àmọ́ lọ́dún 2018, àrùn kan wọ inú àwọn àgò náà, ó sì pa ẹja rẹpẹtẹ. Lọ́dún náà, ìjọba fòfin de kíkó epiyá wọlé láti òkèèrè. Ọ̀pọ̀ olóko ẹja jẹ gbèsè.

Dáàmù náà tún lè ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, omi tó dé láti àríwá pọ̀ débi pé àwọn aláṣẹ dáàmù ní láti ṣí i kó má bàa wó. Mepe àti àwọn ìlú mìíràn ní Tongu rì sínú omi, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì sá kúrò nílé. Àgò ẹja, oko àti ọkọ̀ bá omi lọ. Agbègbè tí ìkún omi ti ń bọ́ rí, kí dáàmù tó dé, ni ìkún omi náà padà wá bà jẹ́.

Lọ́dọọdún, ní nǹkan bí oṣù Kẹjọ, ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Burkina Faso máa ń kéde pé òun fẹ́ tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Bagre, lórí Volta Funfun. Ní Ghana, ìkìlọ̀ fún àwọn àgbẹ̀ etídò ni wọ́n ka ìkéde yìí sí, kí wọ́n lè tètè kórè kí omi tó bo oko. Ẹni tó ń ta ẹja odò ní Makola lè fi ṣe kàlẹ́ńdà. Láti ọjọ́ ìkéde náà, omi ti gbéra. Adágún yóò wú, ẹja yóò fọ́n ká sínú koríko, ẹja yíyan láti Yeji lè dín kù, ẹni tó bá sì ní owó lọ́wọ́ yóò ra ohun tó kù létí omi kó tó di pé àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù dé Accra pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tí kò kún.